Obìnrin Kan Ṣoṣo Tí Yóò Kà Á

Mo ti ṣí búlọ́ọ̀gì mẹ́ta rí kí n tó pàdé Misturat, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kú kó tó pé oṣù kan. Ti àkọ́kọ́ dá lórí àdììtú oníṣirò, ìkejì dá lórí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹta, mi ò tilẹ̀ rántí ohun tó dá lé mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣòfin fún ara mi pé ẹnikẹ́ni tó bá tún ní kí n bá òun ṣí búlọ́ọ̀gì, a ó kọ́kọ́ jókòó, a ó mú ìwé, a ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: orúkọ rẹ̀, ẹni tí yóò máa kà á, iye àròkọ tí yóò wà nílẹ̀, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò ṣí. Òfin tó dára ni. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà pólì ní Ṣakí. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé, nígbà tí kò bá sì sí iná, màá gbé àga síta, màá máa yanjú àdììtú oníṣirò tó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn àtijọ́. Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí. Eruku pupa bo gbogbo nǹkan, àwọn ọlọ́kadà sì fi aṣọ di imú.

"Méje yẹn ò lè wà níbẹ̀," ohùn obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi.

Mi ò wẹ̀yìn. "Kí ló dé tí kò fi lè wà níbẹ̀?"

"Ẹ ti kọ méje mìíràn sísàlẹ̀. Àbí eruku ti wọ̀ yín lójú ni?"

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Mo pa méje náà rẹ́ kí n tó gbójú sókè. Híjáàbù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹpẹtẹ sí àyà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ni Bùrọ̀dá Samsu? Wọ́n ní ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí búlọ́ọ̀gì."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Bí wọn ò ṣe ní jẹ́ kó kú ni mi ò mọ̀."

"Ó dáa, ẹ ti sọ òótọ́. Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní òun mọ méjèèjì."

Mo mú ìwé tuntun kan jáde, ìwé olójú-ewé ọgọ́ta, mo ṣàlàyé òfin mi fún un, mo sì bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́: "Ta ni yóò máa kà á?"

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé gbogbo ọmọ Yorùbá nílé lóko. Misturat ní, "Obìnrin kan."

"Irú obìnrin wo?"

"Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ó mọ Yorùbá kà dáadáa. Ibi tó ń gbé, wọn kì í sábàá sọ Yorùbá níbẹ̀. Ó kúrò nílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, tó bá sì mú fóònù dání, ohun tó bá jọ ilé ló máa ń wá."

"Ẹ ti ro obìnrin yìí dáadáa."

"Ọdún mọ́kàndínlógún," ó ní, ó sì ṣí ìwé ọmọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Òǹkàwé, obìnrin kan. Ìgbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ọdún mọ́kàndínlógún yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá lẹ́yìn tí iléèwé bá ṣẹ́. A fẹnu kò sí àròkọ mẹ́wàá. Kò sí ohun ńlá kan nínú wọn: bí àwọn Fúlàní ṣe ń gbé wàrà wọ Ṣakí láàárọ̀, bí àpáta ṣe ń gbóná lẹ́sẹ̀ ọmọdé, orin tí wọ́n ń kọ nílé kéwú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Misturat máa ń fi nǹkan kékeré kan pamọ́, ohun tí obìnrin kan ṣoṣo yẹn nìkan lè mọ̀. Èyí wù mí gan-an. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń kọ ọ́ fi wù mí ju ohun tó ń kọ lọ. Bí kò bá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àdììtú tí mo máa ń yanjú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá á gbà mí ní gbogbo ọ̀sán, nítorí gbogbo ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà ni mo ń wò.

"Ẹ ti rù díẹ̀," ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ti pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ.

"Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ ti lọ láti oṣù kẹta, Bùrọ̀dá Samsu."

"Má pè mí ní bùrọ̀dá mọ́."

Ó ṣí ìwé wa. Ó ní, "Samsu, èwo ni a kàn?" Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun mìíràn tó sọ lọ́jọ́ náà.

Orí àròkọ tí yóò ṣáájú ni a wà nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Ojú ọ̀nà ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi ni obìnrin yẹn. Nígbà tí bàbá mi bá ń lọ sí bọ́dà, á ti ìyá mi mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Ó ní òun ò fẹ́ kí ojú rí i. Nígbà mìíràn ọjọ́ kan, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta. Fèrèsé kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n fi irin sí i, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì náà ti ya ní igun kan. Ọwọ́ tèmi nìkan ló lè gba ibẹ̀. Mo máa ń na wàrà sí i. Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí. Ó ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ."

"Báwo ló ṣe jáde?"

"Mi ò mọ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo dé láti iléèwé, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní títì, kò sì sí ẹnì kankan nínú yàrá. Wọ́n ń sọ fún àlejò pé ó kú."

"Èmi á wá a fún ọ. Láàárín oṣù kan."

"Rárá." Ó di ọwọ́ mi mú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹni tí a bá bi léèrè á sọ fún ẹni tó ti ń wá a tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ti bọ́dà dé, á wò mí lójú, á ní, 'Kò sí níbẹ̀ náà.' Kì í sọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Samsu, a ò ní wá a. Kí òun wá rí wa."

Bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀gì náà ṣe gba orúkọ rẹ̀, Abẹ́rẹ́. Àròkọ àkọ́kọ́ yóò sọ ti ọmọ tó ń na oúnjẹ gba ojú fèrèsé, kò ní sọ irú oúnjẹ tó jẹ́, yóò sì fi ìbéèrè parí: kí ni ọmọ náà nà sínú?

"Àwọn yòókù á ní dùndú, wọ́n á ní àkàrà," Misturat sọ. "Ẹni tó bá ní wàrà, ìyá mi ni."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Ìdáhùn, wàrà, láti ojú fèrèsé ilé ìdáná.

Ó na ọrùn wò ó. "Ta ló sọ ilé ìdáná fún ọ? Yàrá sìmẹ́ńtì ni mo wí. Etí rẹ dà?"

"Ojú rẹ ni mò ń wò. Màá tún un ṣe."

Mi ò tún un ṣe.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Komu pé mo ti rí aya, ó ṣe ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe: ó ní kí wọ́n lọ wádìí. Ìyá Fọlákẹ́ ló rán, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tó sì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ṣakí. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà wá. Ó jókòó, ó mu omi, kò wo ojú mi.

"Ọmọ náà dára, Ìyá Samsu. Gbogbo àdúgbò ló jẹ́rìí sí i."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Alhaji Ràmọ́nì kì í jalè, kì í mutí, kì í pariwo." Ó gbé ife sílẹ̀. "Wọ́n ní ìyá ọmọ kú. Mo béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹnì kan ní Ṣakí ni, ẹnì kan ní Tẹ̀dé ni, ẹnì kẹta ní kí n jọ̀wọ́, kí n má béèrè mọ́."

Ìyá mi mi orí. "Òkú tó bá ní ibojì méjì, kò ní ìkankan. Samsu, mi ò fẹ́ ilé yẹn."

"Ọmọ ni mo fẹ́, Màmá, kì í ṣe ilé."

"Ta ló fẹ́ ọmọ tí kò fẹ́ ilé? Ṣé yunifásítì ló kọ́ ọ níyẹn? Nígbà tí ẹ bá bímọ, ta ni kí n máa kí kú ewu ọmọ ní ilé àna?"

Mo sin Ìyá Fọlákẹ́ dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀. A ti dé etí títì kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo tọ́jú ìyá ọmọ yẹn rí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló bó. Ó ní òun ṣubú ni." Ó gbé báàgì rẹ̀ sí apá kejì. "Ẹni tó bá ṣubú kì í fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì ṣubú, ọmọ mi."

Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ń bi ara mi pé ṣé Misturat ni mo fẹ́ràn tàbí àdììtú tó wà nídìí rẹ̀. Èmi kì í lè fi ojú ihò sílẹ̀ láìdí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà láti kékeré. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ó wọlé, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Kí lo fi ojú ṣe báyìí, bí ẹni tí wọ́n gba wàrà lẹ́nu rẹ̀?" mo sì mọ̀ pé òun ni.

Ó rẹ ìyá mi láti máa bá mi fà á. "Lọ rí bàbá náà fúnra rẹ," ó ní. "Tó bá lé ọ, a jẹ́ pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi."

Alhaji Ràmọ́nì kò lé mi. Irin, ìṣó, sìmẹ́ńtì àti àgádágodo ló ń tà níwájú ilé rẹ̀, àgádágodo oríṣiríṣi rọ̀ sára ògiri bí àdán. Ènìyàn kékeré ni, ohùn rẹ̀ rọ̀, eyín rẹ̀ funfun. Ìyàwó rẹ̀, Àwáwù, kúnlẹ̀ gbé omi fún mi, kò sì sọ ju "ẹ kú àbọ̀" lọ.

"Mo gbọ́ pé o ń bá ọmọ mi ṣe iṣẹ́ kan lórí fóònù."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ètò rẹ̀ ni a ń ṣe, a ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Ètò dára. Ẹni tó bá ṣètò kì í sáré." Ó wo báàgì mi. Ẹ̀yìn ìwé wa yọ lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n tún ní o fẹ́ràn àdììtú."

Ó mú àgádágodo idẹ kan láti abẹ́ tábìlì, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ojú rẹ̀ ń dán, kò sì ní ojú kọ́kọ́rọ́ rárá.

"Bàbá mi ló rà á lọ́wọ́ Hausa kan. Jẹ́ kí n rí ọpọlọ tí ọmọ mi ń yìn. Mo ń lọ dá ẹnì kan lóhùn lórí fóònù. Gbé báàgì yẹn wá, kó má dí ọ lọ́wọ́." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé.

Bí ẹ bá mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ẹ mọ̀ pé mi ò rí báàgì náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Mo fi etí sí àgádágodo náà, mo mì ín, mo tẹ gbogbo ara rẹ̀ pẹ̀lú èékánná. Ó tó ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ṣí, pẹ̀lú ìró bí ìgbà tí èèyàn fi eyín fọ́ ẹ̀kùrọ́.

Inú mi dùn bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí bàbá mi máa ń sọ kó tó kú, pé ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í pa àna rẹ̀ láyò. Mo tì í padà. Nígbà tí Alhaji jáde, tó gbé báàgì mi dání, mo nà án sí i. "Ó ṣòro sà. Apá mi ò ká a."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èmi, ìyá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run sì ti pè é." Ó jókòó, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ bo orúnkún. "Mo gbà fún yín. Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ẹ ṣí nǹkan yín yẹn kó tó di ọjọ́ yìgì. Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ọmọ mi ń relé ọkọ."

Bí mo ṣe ń lọ lórí ọ̀kadà, mo rí i pé síìpù báàgì mi wà ní pípa. Èmi kì í pa síìpù. Mo rí i o, èmi tí mo máa ń rí nọ́ńbà kan tó bá ṣìnà láàárín ọgọ́rin. Mo rí i, mi ò kà á sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Misturat tó bí mo ṣe rò.

"Ó gbà? Lójú ẹsẹ̀?"

"Lójú ẹsẹ̀."

"Kí ló bi ọ́?"

"Kò bi mí ní nǹkan kan."

Ó jókòó lórí àga tí mo máa ń gbé síta. "Bàbá mi kì í gba nǹkan láìbéèrè, Samsu. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní kó má bẹ̀rù. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

A ṣí Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí a kọ sínú ètò, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni yìgì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn ló kà á, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù. Dùndú, ni wọ́n wí. Àkàrà. Ẹnì kan tilẹ̀ ní súyà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Misturat sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìbọ́ bàtà, ó na fóònù sí mi, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Wàrà," ó ní. "Samsu, ó ní wàrà."

Kí n tó gba fóònù náà, ó ti gbà á padà, ó ti ń dáhùn: ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, ilé wa ní Ṣakí, mo ń retí yín. Ó ti fi ránṣẹ́ kí n tó ráyè ka èsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Ohun tó kọ nìyí: "Wàrà ni. O máa ń nà án sí mi láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Kọ ọjọ́ yìgì rẹ síbí, ọmọ mi, kí n lè mọ ọjọ́ tí n ó wá."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Misturat, níbo ni fèrèsé yẹn wà?"

"Yàrá sìmẹ́ńtì. Mo ti sọ fún ọ..." Ó dánu dúró.

Mo fa ìwé wa yọ, mo ṣí i sí ojú ewé kẹrin. Ó wà níbẹ̀ nínú ìkọ̀wé ọwọ́ mi: fèrèsé ilé ìdáná.

"Ẹni tó kọ èsì yìí ò wọ yàrá yẹn rí," mo ní. "Ìwé mi ló kà."

"Ta lo fi ìwé wa hàn?"

Mo sọ ti àgádágodo fún un, mo sọ ti báàgì. Kò bú mi. Ó kàn ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí híjáàbù, díẹ̀díẹ̀.

"Kò fún ọ ní èmi rárá," ó ní níkẹyìn. "Wàrà ló fi mí ṣe. Ó fẹ́ na èmi náà gba ojú fèrèsé, kí ìyá mi lè wá mú un."

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù. Bí a bá dákẹ́, wọ́n á so yìgì wa. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ jáde: "Bóyá ìyá rẹ ò mọ̀ pé búlọ́ọ̀gì náà wà. Bóyá kò sẹ́ni tó ń bọ̀."

Ó wò mí títí ojú fi tì mí.

"Ìbéèrè wo lo kọ́kọ́ bi mí, níbí, lọ́jọ́ tí a pàdé?"

"Ta ni yóò kà á."

"Èsì wo ni mo fún ọ?"

Mo gbé kọ̀ǹpútà sí i níwájú. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ìtàn fèrèsé, èsì wàrà, ọjọ́ àti aago, ó sì fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀: "Màmá, ẹ má wá o. Abẹ́rẹ́ wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń pè yín."

"Bàbá rẹ á kà á," mo ní.

"Mo mọ̀."

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù rẹ̀ ti kú. Ní ọjọ́ kẹta mo lọ sí ilé wọn. Alhaji ń ka ìṣó fún oníbàárà kan, kò sì dúró.

"Misturat ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Tẹ̀dé. Yìgì ò ní wáyé mọ́. Kí ìyá rẹ má bínú." Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì. Àgádágodo idẹ náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo gba Tẹ̀dé lọ lórí ọ̀kadà. Alfa Mọ́nsúrù, ẹ̀gbọ́n Alhaji, ń ṣa ẹ̀gẹ́ tó sá sórí àpáta. Mo béèrè Misturat. Ó ju ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ràmọ́nì ti tún ṣe é." Ó jókòó. "Ìgbà ti ìyá rẹ̀, mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú òòlù, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, ó ní kí n kọ́kọ́ fọ́ orí òun. Mo padà sílé. Ìyá wa ló ṣí i nígbẹ̀yìn, tó sì tì í padà kí Ràmọ́nì má bàa tètè fura. Bí o bá lè mú ọmọ náà jáde, mú un wá síbí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Èmi náà lè fà á fún ọkọ."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí mo ṣe ti Tẹ̀dé dé, Àwáwù wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó na bébà kan sí mi, ó ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Kò sí ohun kan lára rẹ̀.

"Wàrà ló ní òun fẹ́ jẹ," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ, kò wò mí. "Ọwọ́ mi tóbi jù fún ojú nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀la Jímọ̀ ni. Alhaji máa ń tètè lọ, torí kó lè rí àyè ní sààfù iwájú ní mọ́sáláṣí." Ó gba bébà rẹ̀. "Èmi ò wá síbí o."

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, oòrùn dúró gangan lórí Ṣakí. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, àdúgbò dákẹ́, ohùn Ìmáàmù nìkan ló ń bọ̀ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń ka kùtúbà, ìwàásù Jímọ̀. Mo gba ẹ̀yìn ilé. Fèrèsé náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ìka méjì yọ lójú nẹ́ẹ̀tì tó ya, kò lè yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

"Abẹ́rẹ́," mo pè é.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń kọ méje síbi tí kò yẹ."

"O pẹ́," ó ní.

Àgádágodo idẹ ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo tẹ ìdí rẹ̀, kò ṣí. Òógùn ń bọ́ sí mi lójú. Ìmáàmù parí kùtúbà, wọ́n ń tò sí sààfù. Rákà méjì péré ló kù. Mo nu ọwọ́ mi sára ṣòkòtò, mo tún bẹ̀rẹ̀: dojú délẹ̀, tẹ ìdí, ti ẹ̀gbẹ́ òsì sẹ́yìn. Ìró ẹ̀kùrọ́ dún.

Ó jáde, sìmẹ́ńtì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó funfun bí ẹni tí wọ́n ti tẹ́ sínú ibojì tó tún dìde. Mi ò ráyè dì mọ́ ọn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi àgádágodo náà dè é padà, kí Alhaji lè bá a ní títì, bó ṣe bá a nígbà kan.

Àwáwù dúró lẹ́nu ilé ìdáná, abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá wa lọ," Misturat bẹ̀ ẹ́.

"Ta ni yóò ṣí i fún ẹni tó bá tún kàn?" Ó tọ́ka sí ọwọ́ mi. "Mo ti wò ó dáadáa. Ẹ máa lọ."

Tẹ̀dé ni wọ́n ti so yìgì wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Alfa Mọ́nsúrù fà á lé mi lọ́wọ́, Ìyá Fọlákẹ́ jókòó ti ìyá mi, ìyá mi sì ń wo Misturat títí, kó tó bọ́ ìborùn tirẹ̀, tó fi nu sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù létí rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ilé mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Komu ni a ń gbé báyìí, ó ti pé oṣù mẹ́jọ. A ò pa Abẹ́rẹ́ rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ṣì wà níbẹ̀, mo sì ti ṣe é kó má máa ka fóònù tiwa mọ́ àwọn tó ń wò ó. Ojoojúmọ́ ni ẹni méjì ń ṣí i. Ọ̀kan láti Nàìjíríà, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kì í yẹ̀. Ọ̀kan láti Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì bọ́dà, nígbàkúùgbà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí ìyẹn, Misturat fi ọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn. Àwáwù ránṣẹ́ sí wa pé Alhaji kò lọ sí bọ́dà mọ́, pé ó kàn ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù lọ́wọ́.

Àròkọ mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé wa tí a ò tíì fi síta. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń bi í, "Ṣé ká fi ìkejì síta?"

"Mélòó ni wọ́n?"

"Méjì."

"Fi sílẹ̀."

Lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wò ó lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Méjì náà ni. Mo wo ibi tí wọ́n ti wá, mo tún wò ó, mo sì pe ìyàwó mi.

"Mélòó ni?" ó béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Méjì. Ṣùgbọ́n láti Bẹ̀nẹ̀ ni àwọn méjèèjì."

Ó gbé garawa omi sílẹ̀. Ó wọlé, ó fa ìwé wa yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ìlà lu àròkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nínú ètò, ó sì kọ ìkọkànlá sísàlẹ̀, èyí tí a kò ṣètò rẹ̀ rí: "Màmá, ó ti kọjá bọ́dà. Ẹ dìde níbi tí ẹ wà."

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi ò sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

"Misturat," mo ní, "ta ni yóò kà á?"

"Àwọn méjèèjì," ó ní. "Tètè fi ránṣẹ́, kó lè jẹ́ ìyá mi ló máa kọ́kọ́ rí i."